Afọ́jú: Kí Ni Ó Fọ́?

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ." Bí ó ti yẹ kí a wo ilé kí a tó fún ọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an kí a tó fún àìsàn lórúkọ, nítorí pé orúkọ tí a bá fún àìsàn ni í sọ ohun tí àwọn ará ilé yóò ṣe sí i. Bí a bá pè é ní ibà, agbo ni a ó wá. Bí a bá pè é ní àrùn tí kò gbóògùn, ẹkún ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Nínú ìwé wa ti oṣù yìí, a fẹ́ bá ẹ̀yin ònkàwé wa sọ̀rọ̀ lórí orúkọ kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń pè láìronú, èyí tí í ṣe afọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yà mẹ́ta ni ó ní: a, fọ́, àti ojú. A ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni ó wà nínú apẹja, akọrin, àti aránṣọ. Ó ń tọ́ka sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan ń bẹ tí ó yẹ kí a kíyè sí. Apẹja ni ó ń pa ẹja, akọrin ni ó ń kọ orin. Afọ́jú kọ́ ni ó fọ́ ojú ara rẹ̀. Ojú ni ó fọ́. Òun ni ó ni ojú náà. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ohun èlò kan ni ó ń sọ.

Fọ́ ni ó ru ẹrù ọ̀rọ̀ náà. Ìkòkò ni í fọ́. Àwo ni í fọ́. Igbá ni í fọ́. Bí ogun bá sì kó ìlú, a máa ń wí pé ìlú náà fọ́. Ohun tí ó bá fọ́ ti kọ́kọ́ wà ní odidi, ó sì ní inú tí ó ń gba nǹkan. Aṣọ kì í fọ́, yíya ni í ya. Okùn kì í fọ́, jíjá ni í já. Ọ̀pá kì í fọ́, kíkán ni í kán. Èdè wa kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ìbàjẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan ni ó ní orúkọ tirẹ̀.

Èé ṣe, nígbà náà, tí àwọn baba wa fi yan fọ́ fún ojú? Àwa gbà pé ìdáhùn wà nínú orúkọ mìíràn tí wọ́n fún un. Ojú nìkan fẹ̀ jù: ojú ni a fi ń ríran, ojú náà ni gbogbo iwájú orí, ojú sì ni a ń pe òkè ohun gbogbo, bí ojú omi, ojú ọ̀run, àti ojú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dárúkọ ohun roboto tí ó wà nínú ihò ojú gan-an, ẹyinjú ni wọ́n pè é, èyí tí í ṣe ẹyin ojú. Wọ́n ti wò ó dáadáa: ó yí bí ẹyin, ó funfun bí ẹyin, omi wà nínú rẹ̀ bí ẹyin, awọ tí kò nípọn ni ó sì dì í mú. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ ẹyin, fífọ́ ni í fọ́. Gbogbo wa ni a sì mọ ohun tí àgbà ń wí nípa ẹyin: "Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́." Kò sí ẹni tí í kó o jọ mọ́.

Kì í ṣe àfiwé lásán ni èyí. Ní ayé àwọn baba wa, ojú a máa fọ́ ní ti gidi. Ṣọ̀pọ̀ná, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 1980 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé, a máa yọ sí ojú ẹlòmíràn, a máa dá egbò sí i títí ẹyinjú yóò fi lu, tí omi inú rẹ̀ yóò sì tú jáde. Ẹ̀gún oko, ọfà ogun, àti ẹ̀ká igi tí ó ta padà kò sì gbẹ́yìn. Ẹni tí ó rí irú ojú bẹ́ẹ̀ tí ó wí pé ó fọ́, òtítọ́ pọ́ńbélé ni ó sọ.

Ibi tí ọ̀ràn wà nìyí: ọ̀rọ̀ tí ó bá irú ojú kan mu ti wá di orúkọ gbogbo ojú tí kò ríran. Kódà nínú Bíbélì Yorùbá, ní Jòhánù orí 9, a kà nípa ọkùnrin tí ó fọ́jú láti ìgbà tí a ti bí i, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ kò fi ìgbà kan ríran kí ó tó di pé ó fọ́. A kò fi èyí bá àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀ wí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá lẹ́nu àwọn ènìyàn ni wọ́n lò. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá bí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ààyè rẹ̀ tipẹ́.

Ẹ wo bí ó ti ń rí nínú ilé wa. Bàbá kan ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Iná àtùpà a máa tàn yànyàn sí i lójú. Kò dá ènìyàn mọ̀ lókèèrè mọ́, àfi bí wọ́n bá fọhùn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, dúdú inú ẹyinjú rẹ̀ di funfun. Àwọn ará ilé péjọ, wọ́n mi orí, wọ́n sì wí pé, "Ojú Bàbá ti fọ́." Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀rọ̀ parí. A gbé àga rẹ̀ sí ìloro. A fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́. A yan ọmọ kékeré kan láti máa fà á lọ́pàá, ọmọ náà kò sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ déédéé mọ́. Ènìyàn méjì ni a dè mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe ìwà ìkà, nítorí wọ́n fẹ́ràn Bàbá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu wọn jáde ti sọ fún wọn pé kò sí ohun tí ó kù láti ṣe. Ta ni í wá oníṣègùn fún ẹyin tí ó ti fọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni ojú Bàbá yìí kò fọ́. Nínú ẹyinjú, lẹ́yìn dúdú rẹ̀, ni awò kékeré kan wà, tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà kan lọ, tí ó sì mọ́ gaara bí omi òjò. Inú awò yìí ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá lọ sí ẹ̀yìn ojú, níbi tí iṣan ti ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ. Bí ọjọ́ orí bá ń pọ̀ sí i, awò náà a máa ṣú díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dàbí funfun ẹyin, tí ó mọ́ gaara nígbà tí ó wà ní tútù, ṣùgbọ́n tí í di funfun nínú omi gbígbóná. Bí a bá tẹ̀lé àfiwé àwọn baba wa, a ó wí pé ẹyin náà kò fọ́ rárá. Inú rẹ̀ ni ó di funfun. Èèpo rẹ̀ wà ní odidi. Iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dúró de ìmọ́lẹ̀. Oníṣègùn ojú yóò la ihò kékeré sí i, yóò yọ awò tí ó ti ṣú kúrò, yóò sì fi èyí tí a fi ọwọ́ ṣe rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í sábà tó wákàtí kan, aláìsàn a sì máa padà sí ilé rẹ̀ ní ọjọ́ náà tàbí ní ọjọ́ kejì.

Ó dára kí a wo bí àwọn ẹlòmíràn ti sọ àìsàn yìí lórúkọ. Àwọn oníṣègùn Lárúbáwá àtijọ́ pè é ní omi tí ó sọ̀ kalẹ̀, nítorí wọ́n rò pé omi búburú kan ni ó ti orí ṣàn wá sí iwájú ojú. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí a ń túmọ̀ ìwé wọn sí èdè Látìn, a gbà pé ọwọ́ Constantinus Africanus, ọkùnrin ará Áfíríkà ti Àríwá tí ó di ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Ítálì, ni ọ̀rọ̀ cataracta ti wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí omi tí ń dà láti òkè àpáta, ó sì tún túmọ̀ sí ìlẹ̀kùn ńlá tí a ń jù sílẹ̀ láti òkè dí ẹnu odi ìlú. Láti ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú cataract tiwọn. Ìmọ̀ àwọn ará àtijọ́ wọ̀nyí kò pé, nítorí kò sí omi kankan tí ó sọ̀. Síbẹ̀ orúkọ náà ní ìrètí nínú: omi tí ó dúró ṣé é gbọ́n kúrò, ìlẹ̀kùn tí a tì ṣé é ṣí. Nítorí náà ni wọn kò fi dẹ́kun láti máa wá ọ̀nà. Ní 1747, Jacques Daviel, oníṣègùn ará Faransé, la ojú, ó sì yọ awò tí ó ti ṣú jáde. Ní 1949, ní Lọ́ńdọ̀nù, Harold Ridley fi awò tí a fi ọwọ́ ṣe sí ojú ènìyàn ní ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn tí ó gbà pé ìlẹ̀kùn ni, ni ó wá kọ́kọ́rọ́.

Kì í ṣe pé èdè tiwa ni ó burú jùlọ. Àwọn ìbátan wa ní Kétu, ní Sábẹ, àti ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń kọ́ èdè Faransé ní ilé-ẹ̀kọ́, ń bá aveugle pàdé níbẹ̀, èyí tí orísun rẹ̀ nínú Látìn túmọ̀ sí ẹni tí kò lójú. Tiwa sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Afọ́jú gbà pé ojú wà. Ohun tí ó ṣe é nìkan ni ó ṣì sọ.

Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ nínú ìrètí tí kò ní ìmọ̀. Láti ìgbà láéláé, ní Íńdíà, ní ilẹ̀ Lárúbáwá, àti ní ilẹ̀ tiwa, ni àwọn kan ti ń fi ohun èlò ẹlẹ́nu ṣóńṣó ti awò tí ó ti ṣú náà ṣubú sí inú ojú.  Ní ọjọ́ kìíní, aláìsàn lè rí ìmọ́lẹ̀, àwọn ará ilé yóò sì jó. Ṣùgbọ́n awò náà ṣì wà nínú ojú, kò sí ohun tí ó rọ́pò rẹ̀, ohun èlò kò mọ́, egbò a sì máa tẹ̀lé e. Ojú tí kò fọ́ tẹ́lẹ̀ a wá fọ́ nítòótọ́. Nínú ìwádìí ojú tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 àti 2007, nínú àwọn ojú tí a ti ṣe iṣẹ́ sí nítorí àìsàn yìí, ó ju méjì nínú márùn-ún lọ tí ó jẹ́ pé irú iṣẹ́ yìí ni a ṣe sí wọn. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn ni kò sì ríran lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwádìí kan náà sọ ohun mìíràn tí ó yẹ kí ó jí wa lójú oorun. Àwọn tí ó ti pé ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a yẹ̀ wò, iye wọn sì lé ní 13,000. Nínú 100 irú wọn, ó lé díẹ̀ ní 4 tí kò ríran. Nínú 100 àwọn aláìríran náà, nǹkan bí 43 ni ó jẹ́ pé awò inú ojú wọn ni ó ṣú. Nǹkan bí 17 ni glaucoma mú, àìsàn tí agbára omi inú ẹyinjú fi ń tẹ iṣan ẹ̀yìn ojú pa díẹ̀díẹ̀. Bí a bá sì ka gbogbo àìsàn ojú pọ̀, 84 nínú 100 ni ó jẹ́ pé à bá ti dènà rẹ̀ tàbí kí a wò ó sàn. Ẹ̀yin ìjòyè wa, gbogbo wọn ni a ń pè ní afọ́jú. A pè wọ́n ní orúkọ kan, a sì mú kí ìpín wọn jẹ́ ọ̀kan.

Àbá tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé kí a máa fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ ohun mẹ́ta. Èkíní ni ojú bíbò. Èyí ni ojú tí awò rẹ̀ ti ṣú; ohun tí ó bò ó ṣé é ká kúrò, ìran yóò sì padà. Èkejì ni ojú ṣíṣá, fún irú glaucoma. Aṣọ tí ó bá ṣá kì í gba aró rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tètè ká a kúrò nínú oòrùn yóò pa èyí tí ó kù mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ojú yìí rí: ohun tí ó ti lọ ti lọ, ṣùgbọ́n oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ lè dá èyí tí ó kù sí. Láti ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ń ṣá wá sí àárín, kì í sábà dunni, ó sì máa ń wà nínú ìdílé. Nítorí náà ẹni tí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ bá ní i, kí ó má dúró de ìrora kí ó tó lọ yẹ ojú ara rẹ̀ wò. Ẹ̀kẹta ni ojú fífọ́ gan-an, èyí tí ó ti bàjẹ́ tí ìmọ̀ oníṣègùn kò sì lè dá padà. Òun nìkan ni kí a fi afọ́jú sílẹ̀ fún. Ní ti ẹni tí a kò tí ì mọ èyí tí ó ṣe é, kí a wí pé ojú rẹ̀ kò ríran, kí a sì dúró níbẹ̀ títí oníṣègùn yóò fi wò ó.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni, kí a má fọwọ́ kàn án. Ẹgbẹ́ wa kò ní kẹ́yìn nínú pípa ọ̀rọ̀ àwọn baba wa mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa fúnra wọn mọ agbára orúkọ. Nígbà tí Ṣọ̀pọ̀ná ń jà, wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ẹ́gbóná ni wọ́n ń pè é. Wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún ojú: wọ́n ní ojú ń ṣe bàìbàì, wọ́n ní ojú kò ríran, wọ́n ní ojú ń dun ènìyàn. Fọ́ pàápàá kì í ṣe òpin nígbà gbogbo lẹ́nu wọn. Bí ẹnìkan bá wí pé orí ń fọ́ òun, a kì í torí rẹ̀ pe àwọn agbẹ́lẹ̀. Oògùn ni a ń wá, orí náà a sì san. Láti ìgbà tí Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ ní 1843 ni a ti ń kó ọ̀rọ̀ wa jọ. Iṣẹ́ rere ni kíkójọ. Ṣùgbọ́n kí á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bá mu tún ju kíkójọ lọ.

Àwọn mìíràn yóò wí pé owó ni kò sí, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Òtítọ́ ń bẹ níbẹ̀. Owó iṣẹ́ abẹ ń dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ dúró ní ilé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: nínú ìdílé wa, a ń dáwó ìsìnkú, a ń dáwó ìyàwó, a ń dáwó oyè. Èé ṣe tí a kì í dáwó ojú Bàbá? Ìdí ni pé kò sí ẹni tí í dáwó lé ẹyin tí ó fọ́. Ní ọjọ́ tí ìdílé bá gbà pé nǹkan ni ó bò ó, tí ó sì ṣé é ká kúrò, owó náà kò ní ṣòro rí bí ó ti ṣòro lónìí.

Kí a má baà ṣì wá gbọ́, a kò wí pé ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ ní tòótọ́ ti tán. Louis Braille, ọmọ Faransé tí a bí ní 1809, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí irin ìlu-awọ bàbá rẹ̀ gún un lójú. Ojú kejì sì tẹ̀lé e. Òun ni ó tẹ ìwé jáde ní 1829 lórí ọ̀nà kíkà tí àwọn aláìríran káàkiri ayé ń fi ìka kà títí di òní, tí a sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli ní Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1962. Benjamin Adérounmú, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Kokoro, fi orin bọ́ ara rẹ̀ ní òpópónà ìlú náà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí ó tó kú ní 2009. Ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ni ó tọ́ sí ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́, kì í ṣe àga ìloro. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò sì fọ́, ìwòsàn ni ó tọ́ sí i.

Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ̀yin olóyè, àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò wúwo. Kí olúkúlùkù ka àwọn tí kò ríran ní agbo ilé tirẹ̀, kí ó sì béèrè pé: ta ni ó wò wọ́n? Kí baálẹ̀ jẹ́ kí akéde kéde pé dúdú ojú tí ó di funfun kì í ṣe òpin. Kí a má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan ojú àgbà kankan ní ìlú wa. Kí ẹni tí ó ti pé ogójì ọdún lọ yẹ ojú rẹ̀ wò kí ó tó yọ ọ́ lẹ́nu. Kí a sì dá ọmọ tí ń fa ọ̀pá padà sí ilé-ẹ̀kọ́.

Èdè wa tìkára rẹ̀ ti kọ́ wa ní ètò tí ó yẹ kí a tẹ̀lé. Ibi tí a ń gbé aláìsàn lọ, ilé ìwòsàn ni a ń pè é. Wíwò ni ó ṣáájú, sísàn ni ó tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ojú náà, kí a tó wí pé ó fọ́.